Ilé Gogoro Tí Kò Ní Yàrá

Ní agboolé wa l'Ọ̀tà, ilé kan wà tí kò ní yàrá. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga ju gbogbo ilé tó yí i ká lọ, àtẹ̀gùn nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Bí o bá gùn ún dókè, wàá rí páànù orí àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní àdúgbò Ṣàngó, wàá sì tún sọ̀kalẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn tí a ń fi í ṣe.

Bàbá bàbá mi, tó jẹ́ mọlémọlé, ló kọ́ ọ. Tí wọ́n bá bi í pé kí ni ilé náà wúlò fún, wọ́n ní ẹ̀rín ló máa ń rín, á ní, "Mo fẹ́ mọ ibi tí amọ̀ lè ga dé ni." Àwọn ará àdúgbò ní orí rẹ̀ ò pé. Ní tèmi o, mi ò tíì gbọ́ ìròyìn ẹni tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀: ọkùnrin tó kọ́lé fún gbogbo ìlú, tó wá kọ́ ẹyọ kan fún inú dídùn ara rẹ̀.

Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Nígbà tí mo ríṣẹ́ ní Ṣàngó, tọ́wọ́ mi dẹ díẹ̀, mo pe bíríkìlà wá láti Joju, a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ń dán. Mo ń yan kiri bí ẹni tó joyè. Ní òjò ọdún kejì, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Sìmẹ́ǹtì ti há omi mọ́ amọ̀ nínú, omi ò ríbi jáde, ògiri sì ń jẹrà lábẹ́lẹ̀.

Àbúrò bàbá mi, olórí ẹbí wa, pe ìpàdé. Kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Tí òjò àkọ́rọ̀ bá fi bá a báyìí, a máa wó o kó tó wó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni kó o tún un ṣe."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló gbà mí sílẹ̀. Òun ni àkọ́bí bàbá àgbà, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn tó tẹ amọ̀ ilé náà. Ó jókòó sórí àga, ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá ọlọ́pàá. A rọra gbẹ́ sìmẹ́ǹtì kúrò. A wa ilẹ̀ pupa lọ́nà Alapoti, a po ó mọ́ omi àti koríko gbígbẹ, a tẹ̀ ẹ́, a bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, a tún un tẹ̀. Màmá á bu díẹ̀, á fi ìka rá a, á ní, "Kò tíì jinná." Nígbà tí mo ní ẹsẹ̀ ń ro mí, ó ní, "Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí mo tẹ tèmi." Nígbà tó wá jinná, a fi rẹ́ ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dókè.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, pẹ̀lú ìjì tó ṣí páànù orí ilé ẹlòmíì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olórí ẹbí fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dúró. Ẹ fi sílẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí n dìde.

"Nígbà tí mo jẹ́ ọmọge, èmi náà ní kí bàbá mi fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, káwọn ẹgbẹ́ mi má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní amọ̀ gbọ́dọ̀ mí. Mo pè é ní olórí kunkun níṣojú àlejò. Títí ó fi kú, mo rò pé mo jàre. Àfìgbà tí sìmẹ́ǹtì tìẹ mú ògiri wú."

Ó di èjìká mi mú, ó fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ níwájú ògiri náà.

"Bàbá mi," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ o."