Àdúrà fún Ilẹ̀kùn Tí Kò Sí Mọ́

Bí o bá wọ yàrá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Mafoluku, káńfọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí ọ kí ènìyàn tó kí ọ. Èmi ni mo ń tà á fún un, n kò lè sọ pé ọwọ́ mi mọ́ níbẹ̀. Ó ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń fi sínú bàtà, ó tún há ẹyọ kan sẹ́yìn àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, bíi pé aáyán fẹ́ wá jẹ ọkùnrin náà níbi tó dákẹ́ sí. Orí òórùn káńfọ̀ yẹn ni òórùn ẹja díndín máa ń gùn, èéfín baálù tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti pápákọ̀ yóò sì tún gun ti ẹja. Títí dòní, bí mo bá ń ka káńfọ̀ fún oníbàárà, ọkàn mi a ti padà sí yàrá náà, ní ọjọ́ Àìkú tó ń gbẹ̀yìn oṣù, níbi tí gbogbo wa ti máa ń jókòó lórí ẹní láti rán ìròyìn sí ìyá wa àgbà.

Ìyá tó bí bàbá mi ni. Ìsẹ́yìn ló ń gbé. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, fóònù kò sì bá a lára mu. Ó ní gbogbo ẹni tó bá pe òun ló máa ń kánjú bí ẹni tí inú ń run. Rédíò kékeré tó ń gba káàdì ló fẹ́ràn. Nítorí náà, a óò sọ̀rọ̀ sínú fóònù ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yóò yọ káàdì inú rẹ̀, yóò dì í mọ́ inú ọ̀rá, yóò sì fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn ní ìdájí ọjọ́ kejì. Kí oòrùn tó yẹ̀rì lọ́jọ́ náà, Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ilé kejì yóò ti bá ìyá àgbà ki káàdì bọ rédíò. Ààfáà yìí kan náà ni yóò gba èsì ìyá sílẹ̀ sórí káàdì, tí awakọ̀ yóò gbé e bọ̀ fún wa ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ẹ̀wà nínú àpò. Àdúrà ni èsì náà máa ń jẹ́. Bí o bá ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́, àdúrà ẹ̀yìn ló máa ṣe fún ọ.

Òfin kan ṣoṣo ló fún wa. Ó ní, “Ẹ má parọ́ fún mi o. Orí ohun tí ẹ bá sọ ni mo ń gbé àdúrà lé. Bí ẹ bá parọ́, àdúrà mi a wá máa rìn kiri bí ewúrẹ́ tí kò sí ẹni tó ni ín.”

A gbọ́. A sì ń parọ́. Ọ̀rẹ́ mi, kò sí ẹni tó ń ṣe ìròyìn fún àgbàlagbà tí kì í fi òróró díẹ̀ pa á. Àbúrò bàbá mi, tó ń ránṣọ ní Èjìgbò, yóò kọ́kọ́ tún ọ̀fun ṣe bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn orí rédíò, yóò wá máa sọ Yorùbá kan tí kò sọ nílé rí: “Gbogbo nǹkan ń lọ ní ìrọwọ́-rọsẹ̀.” Bẹ́ẹ̀, oníbàárà rẹ̀ kan ń pè é lọ́wọ́, tó ń béèrè ṣòkòtò ọdún iléyá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń nu ilẹ̀ ní pápákọ̀, ní tirẹ̀ yóò sọ pé, “Mo wà ní ibi iṣẹ́ mi ní pápákọ̀ òfurufú.” Kò sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ìyá àgbà ti wá sọ fún gbogbo Ìsẹ́yìn pé ọmọ-ọmọ òun ló ń sọ fún baálù ibi tí yóò bà sí. Bí baálù bá sì ń kọjá lórí ilé nígbà tí a ń sọ̀rọ̀, gbogbo wa á dákẹ́ títí yóò fi lọ, ìyá àgbà á sì kí baálù náà nínú èsì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irọ́ tèmi ló sanra jù. Nígbà tí mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní Okota láti máa ta káńfọ̀, òrí, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, ìyá àgbà yìí ló ta aṣọ òfì méjì tó kù nínú àpótí rẹ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀bù. Mo kun ilẹ̀kùn irin rẹ̀ ní ọ̀dà tútù bí ewé, mo ya fọ́tò lẹ́bàá rẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọdún kejì kò tíì pé tí ẹlòmíràn ra ilé náà, ó sì wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó dé, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gbé ilẹ̀kùn mi sórí ọmọlanke, ó ń dán lọ lójú títì, n kò tilẹ̀ lè bá a sáré. Mo ra agboòrùn ńlá kan, mo tẹ́ igbá sí ẹnu géètì ilé kan ní òdìkejì ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, “Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi kò gba irú ọ̀rọ̀ yìí o. Ìwọ má pa mí ní ìyá.” Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: “Ìyá, ṣọ́ọ̀bù wà dáadáa.” Oṣù márùn-ún gbáko. Ní oṣooṣù, ohùn rẹ̀ á wá láti Ìsẹ́yìn: “Àbẹ̀kẹ́, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ kò ní tì.” Èmi náà á ní, “Àmín.” Òótọ́ ni, báwo ni yóò ṣe tì? Ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣe kó ti di ìkòkò lórí iná ẹni ẹlẹ́ni! Mo ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àmín yẹn máa ń há mi lọ́fun bí eegun.

Ní oṣù tí mò ń sọ yìí, èmi ni mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, èmi ló yẹ kí n tẹ fóònù pa. Ẹja dé. Bí ẹja bá dé nínú ẹbí wa, ẹni tó bá ń tẹ nǹkan lọ́wọ́, orí ẹja ló máa bá. Mo dojú fóònù délẹ̀ lójú fèrèsé, mo ju ara mi síbi àwo.

Ẹnu wá là. Àbúrò bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀wà tí ìyá yìí ń fi ránṣẹ́, ṣé kì í ṣà á ni? Òkúta inú rẹ̀ ju ẹ̀wà lọ. Eyín mi méjì ló ti gbà!” Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, “Ìyẹn fi hàn pé o ń jẹ ẹ́ kíákíá, olójúkòkòrò.” Ọmọ rẹ̀ ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe arìnrìn-àjò kan tó tẹ ilẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù mọ́lẹ̀, tó yọ̀, tó sì gbá ìgbálẹ̀ olómi òun mọ́ra bí ìyàwó rẹ̀. Èmi wá mú ti òjò: bí òjò ọjọ́ Tọ́sìdeè ṣe yí agboòrùn mi dànù, tó bọ́ sórí ọṣẹ dúdú mi, tí ìfófòó gba gọ́tà lọ, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sì dúró ń fọ ẹsẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. “Gbogbo Okota ló mọ́ lọ́jọ́ náà,” ni mo wí, “àfi èmi.”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń nu omijé ẹ̀rín. “Ìyá sì wà ní Ìsẹ́yìn, ó ń ṣàdúrà fún ilẹ̀kùn!” Ó wá sín ìyá rẹ̀ jẹ, ó pa ojú dé, ó gbọ̀n ohùn: “Ilẹ̀kùn rẹ kò ní tìììì!” A rẹ́rìn-ín títí àbúrò bàbá mi fi jókòó lé ọbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wà lábẹ́ agboòrùn nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí. Ó ní ìyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bi òun léèrè pé kí ni àmì pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù lánàá lẹ́yìn tí a jẹun tán, kí ìyá rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ pa, kó sì yọ káàdì.

Fóònù ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ ìdí àwo sílẹ̀! Mo pe Ààfáà. “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ki káàdì yẹn bọ rédíò o!”

Ó ní, “Há, ìyá oníkáńfọ̀, ó ti pẹ́. A ti kọjá ibi òkúta.”

“Ẹ̀yin ta ni?”

“Gbogbo agbo ilé.”

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi, tó ń jáde láti inú rédíò ní Ìsẹ́yìn, tó ń ṣàlàyé ìfófòó nínú gọ́tà pẹ̀lú ìgbéraga. Mo tẹ́tí, bóyá n óò gbọ́ ẹ̀rín. Fóònù já. Nígbà tí mo tún pè, kò lọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn ju ààwẹ̀ lọ. Bí fóònù bá ti dún, n óò rò pé ìyá ti ṣubú nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru nìyẹn, tàbí ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi mọ́, èyí tí mi ò mọ̀ bóyá òun kọ́ ló burú jù. Mo di ẹrù pé n óò lọ bá a. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀. “Lọ ṣe kí ni? Kí ẹ jọ máa wá ilẹ̀kùn?” Ṣùgbọ́n òun náà kò dín ẹja lọ́sẹ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé, awakọ̀ já ẹrù mẹ́rin sílẹ̀: àpò ẹ̀wà, ọ̀rá káàdì, aṣọ kékeré kan tí wọ́n so ní kókó, àti àpótí ìjókòó onígi kan tó ti dán nítorí àjókòópẹ́. Gbogbo wa jókòó lórí ẹní bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Fóònù kọ́kọ́ wúkọ́.

“Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin elékèé.”

Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. “Ọmọ mi ọkùnrin, mo ń ṣa ẹ̀wà o. Òkúta tí ojú mi kò rí ni o ń jẹ. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣà á lóṣù yìí, mo sì di òkúta náà ránṣẹ́, kí o lè mọ iye eyín tí mo dá sí.” Ó tú aṣọ náà. Òkúta ni, ẹ̀kúnwọ́ kan.

Ó kan onípápákọ̀. “Mo ti sọ fún gbogbo ìlú pé ìwọ lo ń darí baálù. N kò ní lọ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ṣùgbọ́n máa nu ilẹ̀ náà dáadáa, kí ẹni tó ń darí rẹ̀ gan-an má yọ̀ ṣubú.”

Lẹ́yìn náà ló kàn mí. “Àbẹ̀kẹ́.” Ó wúkọ́. “Oṣù márùn-ún.” Mo gbọ́ èémí rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹkún ló ń bọ̀. “Oṣù márùn-ún ni mo fi ń ṣàdúrà lé ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ẹni tó gbé e lọ á mà ti là!”

Mo gbọ́ tí gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Baálù kan gba orí ilé wa kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì dá fóònù dúró, torí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sọnù. Nígbà tó tún tẹ̀ ẹ́, ohùn ìyá ti rọ̀.

“Aṣọ tí mo tà, kì í ṣe nítorí ilẹ̀kùn. Nítorí tìẹ ni. Ṣé wọ́n wó ìwọ náà ni? Lórí àpótí yìí ni mo ti ta irú lábẹ́ igi, kí bàbá bàbá rẹ tó rí mi. Jókòó sí i. Gbogbo àdúrà tó ti ń rìn kiri láti oṣù márùn-ún, mo ti kó wọn, mo kó wọn sórí agboòrùn rẹ. Àti nǹkan kan: ẹ má tún tẹ nǹkan yẹn pa mọ́ bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán. Ó ti pẹ́ tí mo ti bá yín jẹun kẹ́yìn.”

Ọmọ ọdún mélòó ni mo jẹ́ tí n kò mọ̀ pé ìyá yìí kò béèrè ìròyìn rí? Ó ń wá àyè jókòó lórí ẹní ni. Àwa ń fún un ní ọ̀rọ̀ tí a ti lọ̀ kúnná, nígbà tó jẹ́ pé ebi ariwo àwo ló ń pa á.

Láti ìgbà náà, àárín àwo ni fóònù ń wà lọ́jọ́ Àìkú, ojú rẹ̀ sókè, pẹ̀lú àmì pupa tó ń ṣẹ́jú. Àbúrò bàbá mi kò tún ọ̀fun ṣe mọ́. Èmi ṣì wà lábẹ́ agboòrùn ní Okota, lórí àpótí tó ti gba ìdí ìyá àgbà mọ́ra kó tó gba tèmi. Nígbà mìíràn, oníbàárà àtijọ́ á bi mí pé, “Ìyá oníkáńfọ̀, ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́?” Mo máa ń sọ fún un pé ilẹ̀kùn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ olówó kan. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá ti ṣàdúrà lóṣooṣù, tó ní òjò kò ní yí agboòrùn mi dànù, mo ń ṣe àmín pẹ̀lú gbogbo ọ̀fun mi. Kò há mi mọ́. Mo mọ ibi tó ń bọ́ sí.