Èédú Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Bí mo bá rí èédú, inú tún máa ń bí mi.

Ní nǹkan bí ọdún 1985, bàbá ará Korea kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ apartment wa ní Houston. Èédú ni wọ́n fi ń ya àwòrán tí kò jọ èèyàn, tí kò jọ ilé. Tá a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n yà, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Èédú ni."

Nígbà tí mo bímọ, wọ́n so èédú mọ́ okùn kọ́ ẹnu ọ̀nà wa, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọmọ tuntun nílùú wọn. Ìyá ọkọ mi já a dànù lójú wọn.

"Ta ló gbé oògùn wá síbí?"

Bàbá náà ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ohùn yẹn yé wọn. "Èédú ni," wọ́n ní, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣà á.

Ọmọ mi ń sùn nínú ilé, tòun ti tírà tí ìyá ọkọ mi fọwọ́ ara wọn so mọ́ ọn lọ́rùn.