Módẹ́ẹ̀mù Inú Yàrá Olóògbé

Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ará ilé rẹ̀ ti yàrá rẹ̀ pa, èmi náà sì di ẹni tí kò gbọdọ̀ jáde. Mùsùlùmí ni wá, opó sì gbọ́dọ̀ jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ẹbí ló mọ ohun tí wọn yóò fi mí ṣe bí ọjọ́ náà bá pé, èmi nìkan ni wọn kò bá sọ ọ́.

Àbúrò ọkọ mi ló wá sọ ọ́ fún mi níkẹyìn. Bétérou ló ń gbé, ó ní oko káṣú níbẹ̀, ó ní ìyàwó kan, èèyàn dáadáa sì ni. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi jókòó sórí bẹ́ńṣì ní pálọ̀ mi, tó ní: "Ìyàwó wa, ẹ má ronú rárá. Tí opó bá ti parí, a máa kó yín lọ Bétérou. Ilé wà, oúnjẹ wà. Ẹ ò ní di ẹni ìta." Kò sí ìkà kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ ṣú mi lópó bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wọn, kí ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ sí Tchaourou sì di ti ẹbí. Èmi àti ọkọ mi kò bímọ, nítorí náà kò sí ẹni tí mo lè ní mò ń dúró tì níbẹ̀. Ọkọ mi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé rẹ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba tiwantiwa ti dé sí Benin ni kálukú ti ń sọ tẹnu rẹ̀ ní gbangba, àfi nínú àgbàlá bàbá òun. Ká ní àbúrò rẹ̀ pariwo mọ́ mi ni, mi ò bá ti mọ bí mo ṣe máa dá a lóhùn. Inú rere rẹ̀ ló ń fún mi lọ́rùn.

Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tì mí. Tata ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti Sanson wá, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gẹ́lẹ́ ní ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n tì. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń kírun, ibẹ̀ ló ti ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá ní Tchaourou, ó máa ń ta wàgásì, wàrà àwọn Fúlàní, fún àwọn èrò ọkọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà sì ní kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sókè tó tirẹ̀. Nílé mi, kì í sọ̀rọ̀. Tí mo bá lọ sẹ́yìnkùlé, ojú rẹ̀ á bá mi lọ. Tí mo bá ń bọ̀, ojú rẹ̀ á bá mi bọ̀. Mo sọ ọ́ ní wọ́dà nínú ọkàn mi, ojú wọ́dà ni mo sì fi ń wò ó.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún mi ni kọ̀ǹpútà tó wà ní igun pálọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni ọkọ mi. Ó máa ń ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí àwọn ọ́fíìsì ti pa tì, á tún un ṣe, á fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ó fi kọ́ èmi náà. Ó ní òun kò fẹ́ kí n máa pe òun ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá dúró sójú kan. "Ka ohun tó kọ sójú rẹ̀," ló máa ń wí, "ìwọ ṣáà máa ń bínú kí o tó kà á." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí wọra, torí pé òótọ́ ni.

Orí kọ̀ǹpútà yìí ni mo ti rí i pé àjọ kan ní Parakou ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlera tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní Faransé, tí yóò sì máa kọ ọ́ sí Nàgó, Yorùbá tiwa ní Benin. Mo kọ̀wé sí wọn láti inú ilé opó. Wọ́n dáhùn pé obìnrin kan láàárín àwọn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá gbà mí, mo ti níṣẹ́ lọ́wọ́, mo lè wá fi ìyẹn ṣe ìdí tí mi ò fi ní lọ Bétérou. Bí wọn kò bá gbà mí, mo ti di ẹrù tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí wọn yóò kó o. Kò sí ọ̀nà kẹta, mo ti wá a títí.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, àbúrò ọkọ mi dé pẹ̀lú àwọn géńdé kan. Wọ́n ṣí yàrá náà, wọ́n sì kó àwọn páànù tí ọkọ mi rà láti fi bo ilé ìdáná mi sínú rẹ̀, kí olè má baà jí wọn kó kí wọ́n tó pín ogún. Mo jókòó ní pálọ̀, mò ń gbọ́ bí páànù ṣe ń ró gbàràgàdà lára ògiri. Wọ́n tún ilẹ̀kùn tì, kọ́kọ́rọ́ padà sínú àpò rẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Kò tíì ju wákàtí díẹ̀ lọ tí íńtánẹ́ẹ̀tì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ojú ewé tó máa ń ṣí kíá kàn ń yí ṣáá, kò ṣí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Cotonou kí a lè rí ara wa lójú: ojú rẹ̀ dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu lílà, ohùn rẹ̀ ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí obìnrin Parakou náà bá rí mi báyìí ní Ọjọ́bọ̀, ó máa kí mi pé ó dàbọ̀ ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo bú àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo bú wọn délé bàbá wọn, wọn kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo wo dátà tí mo rà. Ó ṣì kù púpọ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo wò ó bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń fa nǹkan tuntun wọlé lẹ́yìn mi. Kò fa nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti gbà á láyè kó pààrọ̀ kókó ètò tó ń darí rẹ̀ sí tuntun, mo sì rò pé bóyá ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Linux kì í da ti àtijọ́ nù; èèyàn lè yàn án nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí. Mo yan ti àtijọ́. Ó ń wọ́ bó ṣe ń wọ́.

Bó bá ṣe ìgbà tí ọkọ mi wà láyé ni, mo máa wọ yàrá, mo máa yọ iná módẹ́ẹ̀mù, mo máa tún un kì bọlé. Módẹ́ẹ̀mù náà, àpótí funfun kékeré tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé tó sì ń fọ́n ọn káàkiri láìsí wáyà, wà lórí tábìlì rẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ torí pé ara ogún ni. Mi ò lè jáde síta, mi ò sì lè wọ yàrá. Mo fọwọ́ gbá kọ̀ǹpútà lórí, Tata sì yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá wò mí.

Ọjọ́ kejì ni ara mi tó balẹ̀ láti ka ohun tó wà níwájú mi. Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní ping. Ó ń kí ẹ̀rọ mìíràn bí èèyàn ṣe ń kí onílé láti ẹnu ọ̀nà, á sì sọ bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Mo kí ẹ̀rọ kan tó wà lókè òkun: ìdáhùn kan pẹ́, òmíràn kò dé rárá. Ìyẹn kò tíì sọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Mo wá kí módẹ́ẹ̀mù mi, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín èmi àti òun. Òun náà pẹ́ kó tó dáhùn, nígbà mìíràn kò sì dáhùn. Nígbà náà ló yé mi pé inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ wà, kò sí níta. Mo wo bí agbára tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ti tó. Ó máa ń kún dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi nu ojú kọ̀ǹpútà kí n tó tún un kà.

Mo gbójú sókè, mo wo ògiri. Ọkọ mi kò jẹ́ kí n gbé fìríìjì síwájú módẹ́ẹ̀mù rí. Ó ní irin kì í jẹ́ kó ríran. Ara ògiri yìí gan-an ni mo ti gbọ́ ariwo páànù. Wọ́n ti to òrùlé ilé ìdáná mi dí módẹ́ẹ̀mù mi lójú. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn, torí pé mímọ ohun tó ń ṣe é kò tíì ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni mo lè bẹ̀. Bí mo bá pè é pé kó ti Bétérou wá sún páànù, á wá, á béèrè ohun tí mo fẹ́ fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe. Kí ni mo máa sọ? Pé mo ń wá iṣẹ́ tí mi ò fi ní tẹ̀ lé e? Mo ro ó títí orí fi ń fọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi ni ilẹ̀kùn yàrá náà, páànù kò sì lè bo ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Bí mo bá gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú ilẹ̀kùn, módẹ́ẹ̀mù á rí mi. Àmọ́ orí ẹní Tata ni ibẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì purọ́ fún un.

"Tata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ yìí wá síbí díẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi ní Cotonou."

"Wọn ò lè gbọ́ ẹ láti pálọ̀ mọ́?"

"Páànù tí wọ́n kó sí yàrá ló dí i lọ́nà."

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí. "Ó dáa," ló wí, ó fa ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bá mi gbé tábìlì. Ó jókòó padà sídìí ògiri pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà rẹ̀. Mi ò lè ní kó dìde. Mo fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé Faransé ni a máa sọ, mi ò sì gbọ́ Faransé lẹ́nu rẹ̀ rí.

Obìnrin Parakou náà yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó mọ́ kedere, ohùn rẹ̀ kò já. Ó ka ọ̀rọ̀ kan fún mi lórí bí ìyá ṣe máa tọ́jú ọmọ tó ń ṣu gbuuru, ó ní kí n sọ ọ́ ní Nàgó. Mo sọ ọ́. Ó tún ka òmíràn, mo sọ ìyẹn náà. Ó wá padà sí Faransé, ó ní: "Madame, ẹ lè wá máa gbé ní Parakou, kí ẹ máa wá sí ọ́fíìsì, ẹ sì lè máa ṣe é láti ilé yín. Níbo ni ẹ̀yin fẹ́ máa gbé?"

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, wọ́n ti sọ ibi tí màá gbé fún mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ọwọ́ Tata dákẹ́ nínú ẹ̀wà.

"Ilé mi," ni mo wí. "Ní Tchaourou níbí. Ibí ni mo fẹ́ máa gbé."

Ó ní àwọn máa kọ̀wé sí mi, a sì dágbére. Mo ń yọ wáyà lọ́wọ́ nígbà tí Tata sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè, ní Faransé tó já geere, Faransé ẹni tó ti bá èrò ọkọ̀ ojú irin dúnàádúrà láti kékeré:

"Tu diras bonjour à ta famille."

Ó ní kí n bá òun kí àwọn èèyàn mi. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ̀ pé mo purọ́ fún òun.

Láti ọjọ́ náà lọ, mi ò ní ìsinmi. Nígbà tí àbúrò ọkọ mi wá, òun àti Tata jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, mo sì mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ mi ni. Ìwé dé láti Parakou pé wọ́n gbà mí, kí n máa ṣiṣẹ́ láti ilé mi. Mi ò lè yọ̀. Ilé wo? Mo wo ojú Tata ní àárọ̀, ní ọ̀sán, mi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn.

Ọjọ́ náà pé. Mo wẹ̀, mo bọ́ aṣọ opó, ẹbí pé jọ sí àgbàlá, alfa ṣe àdúà. Ọkọ̀ báṣé kan tí wọ́n fi ń kó ẹrù ti dúró sí ìta. Àbúrò ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ó ní wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ìyàwó àwọn. Alfa béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọ̀rọ̀ mi ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mo ti há a sórí. Mo la ẹnu, kò jáde.

"Ẹ má kó nǹkan kan," ni Tata wí láti ibi tó jókòó sí. "Wọ́n ti bi í léèrè ibi tó fẹ́ gbé. Ó ní ibí. Mo gbọ́ ọ."

"Ta ló bi í, Tata?" Àbúrò rẹ̀ kò bínú, ó ń fẹ́ mọ̀ ni.

"Ẹnì kan ní Parakou tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwọ tí ò ń kó o lọ, o kò bi í. Nígbà tó kàn mí, ọjà mi wà lójú irin níbí, ó ń tà. Wọ́n ṣú mi lópó, wọ́n kó mi lọ Sanson. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Alfa ní kí wọ́n fi ìyàwó sílẹ̀ sínú ilé rẹ̀, àbúrò ọkọ mi sì ní ó dáa. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká. Onímọ́tò béèrè ohun tí òun máa gbé báyìí, wọ́n sì ní kó gbé Tata padà sí Sanson. Tata ká ẹní rẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ onímọ́tò, wọ́n sì lọ.