Ilẹ̀ Ṣú Lọ́sàn-án Nílé Ìyá Mi

Nígbà tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ wá sí Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ìkìlọ̀ ló kọ́kọ́ dé kí òun alára tó dé. Òkè òkun ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ìjọba ibẹ̀ ní ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n mi sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n kà á dáadáa. Mo kà á. Má mu omi tí kì í ṣe ti inú ike tí wọ́n dé pa. Má jẹun lẹ́bàá ọ̀nà. Má gun ọ̀kadà. Má yọ fóònù láàárín èrò, má wọ wúrà jáde. Má ya fọ́tò ọlọ́pàá tàbí ti sójà. Má sọ ibi tí o dé sí fún ẹni tí o kò mọ̀. Má ṣe wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Mo ní ṣé àárín ẹkùn là ń gbé ni? Bí mo sì ṣe ń bínú yẹn náà ni mo dìde lọ ti géètì ilé mi, mo fi àgádágodo sí i, torí pé ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni pé òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ìbàdàn ni mò ń gbé. Abúlé ni ìyá wa wà, téèyàn bá ti kọjá Àkànrán, láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó. N kì í wa mọ́tò gba ọ̀nà yẹn mọ́ tí oòrùn bá ti ń wọ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbọ́ bí àwọn ajínigbé ṣe ń dá èèyàn lọ́nà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun fúnra rẹ̀ kò fi tíì wálé láti ọdún gbọọrọ. Ó ní ọmọ òun lè lọ kí Màmá, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀, kí a ti padà dé Ìbàdàn kí oòrùn tó wọ̀. Mo ṣèlérí fún un.

Ohun kan ṣoṣo sì ni Màmá ní tiwọn ń fẹ́: kí ọmọ náà sùn nílé. Nínú ilé wa, ọmọ tí wọ́n bá bí sẹ́yìn odi, àfi tó bá sùn nílé baba rẹ̀, tí ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀, tó sì kí àgbà ilé ní ẹ káàárọ̀, kó tó di ọmọ ilé. Títí dìgbà náà, àlejò ni, bó ti wù kó jọ wá tó. Àwọn tí wọ́n bí sí Èkó àti Kàdúná ti wá sùn, àwọn ọmọ tèmi náà ti sùn. Ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù. "Mo ti dàgbà," ni Màmá máa ń wí. "Ẹ má jẹ́ kí n kú kí n fi ọmọ ọmọ mi sílẹ̀ ní àlejò." Mo ti sọ fún wọn lórí fóònù pé kò ní ṣeé ṣe. Wọ́n ní kí á kọ́kọ́ dé ná.

Pápákọ̀ òfuurufú Alákíà ni mo ti lọ gbé ọmọ náà, torí baba rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ fi mọ́tò gba ọ̀nà Èkó. Ọ̀dọ́bìnrin tó ti wọ yunifásítì ni, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bó bá ń sọ ọ́, á dà bí ẹni tí ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kò fi yẹtí sétí. Ó di báàgì rẹ̀ mú mọ́ àyà, kò sì jù ú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a gbéra, ó di abúlé. Bí a ṣe kan àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, ó ti fóònù sábẹ́ itan, ó tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tó ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ọlọ́pàá náà kí wa ní ẹ kú ìrìn, ó ní tí a bá ń bọ̀ kí a ra ọsàn bọ̀ fún òun. Ọmọ náà kò mí dáadáa títí a fi kọjá wọn.

Màmá gbá a mọ́ra, wọ́n ń ki oríkì rẹ̀ títí ohùn wọn fi há. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé odindi páálí omi inú ike jáde. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ikùn àwọn ará òkè òkun kì í gba omi kànga, àwọn sì ti rán ọlọ́kadà lọ rà á wá ní Àkànrán. Wọ́n wá mú ọmọ náà jókòó.

"Ọmọ mi, tí o bá jáde láàárín abúlé yìí, má jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá fún ẹ ní ọsàn, kúnlẹ̀, dúpẹ́, gbé e wálé fún mi. Tí wọ́n bá bi ẹ́ lọ́jọ́ tó o máa padà, sọ pé o ò tíì mọ̀. Má yọ owó lójú èrò. Má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ẹ níta."

Ọmọ náà yíjú sí mi. "Àǹtí, ohun tó wà nínú fóònù mi gan-an nìyí!"

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?" Màmá bèèrè.

"Ìjọba wa ni, Màmá."

"Ìjọba yín gbọ́n," ni Màmá wí. "Ta ló kọ́ wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo wọ inú yàrá, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi. Wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n ti ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tuntun, wọ́n ti fi aṣọ funfun wọ ìrọ̀rí. Àánú wọn ṣe mí, mo sì ń bínú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bínú sí ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo ki ara mi láyà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ò ní lè sùn o."

Wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. "Ta ló ní kí ẹ sùn mọ́jú? Gbogbo abúlé ló ti rí mọ́tò yín, a ò sì lè fi okùn di ẹnu èèyàn. Kí n wá fi ọmọ òkè òkun sínú ilé tí kò ní géètì, kí oorun máa kùn mí? Kódà bí ẹ bá fẹ́, èmi ò gbà."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé pákó níkọ̀ọ̀kan. Mo rò pé inú ló ń bí wọn. Wọ́n fi aṣọ ta ẹnu ọ̀nà, inú yàrá ṣú biribiri. Oòrùn ń ràn lóde, àgbébọ̀ adìẹ ń ké lẹ́bàá ìloro.

"Ilẹ̀ ti ṣú," ni wọ́n wí. "Ẹ wá ká sùn."

Ọmọ náà wò mí. Mo ní kó ṣe bí Màmá ṣe wí. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lábẹ́ fèrèsé. Màmá tú gèlè wọn, wọ́n ka àdúà tí wọ́n máa ń kà lálaalẹ́, wọ́n dùbúlẹ̀ tì í.

"Ó dàárọ̀, Màmá," ni ọmọ náà wí.

"Ó dàárọ̀, ọmọ mi. Ká jí ire."

Kò pẹ́ tí obìnrin ilé kejì fi dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará ilé!"

"A ti sùn!" Màmá dá a lóhùn látinú òkùnkùn. "Ẹ padà wá láàárọ̀."

Mo ki etí ìró bọ ẹnu kí n má baà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní, "Ó dàárọ̀ o, Ìyá. Ọlọ́run á jí wa ire," mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń padà lọ.

Mo rò pé eré la jọ ń ṣe, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí ọmọ náà ń hanrun. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára báàgì. Màmá ò sùn ní tiwọn. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n ń wò ó nínú òkùnkùn yẹn, wọn ò ṣẹ́jú. Mo sunkún díẹ̀, mo fi ọwọ́ nù ún.

Nígbà tó yá, Màmá ṣí fèrèsé. "Ilẹ̀ ti mọ́."

Ọmọ náà dìde, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Ṣé dáadáa lo jí, ọmọ ilé mi?"

Obìnrin ilé kejì padà wá, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀, gbogbo wọn ń kí wa ní ẹ káàárọ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá gbé àkàrà kaná, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n ti rẹ ẹ̀wà náà sómi láti ìdájí, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ kí a tó dé, ìgbà yẹn ló wá yé mi pé wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tipẹ́. A ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlàásàrì ní mọ́sáláṣí. Mo ní, "Màmá, ṣé Àsùbáà lẹ máa kí ni?"

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Mi ò tan Ọlọ́run. Ọ̀nà ni mo tàn."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi dé Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń pè. Ọmọ rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní, "Dádì, mo sùn nílé Màmá." Igbe tí ẹ̀gbọ́n mi ké, mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí. Mo gba fóònù padà, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, fèrèsé pákó, gèlè, àkàrà.

"Ibo ni wọ́n tẹ́ ẹní rẹ̀ sí?" ló wá bèèrè.

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri, lábẹ́ fèrèsé."

"Ibẹ̀ ni mo máa ń sùn." Lẹ́yìn náà ló ní, "Bá mi pe Màmá. Sọ fún wọn pé mo ní ẹ káàárọ̀."

Ilẹ̀ ti ń ṣú lóòótọ́ nígbà tí mo pè wọ́n, mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn bẹ́ẹ̀.