Ẹ Má Bá Mi Bo Ojú Ọmọ Yìí

Kí n tètè sọ ọ́ kó yé gbogbo ayé: èmi ni mo ní kó yọ nǹkan náà kúrò lójú. Títí di òní ni ẹ̀gbọ́n mi ń bínú sí mi. Kó máa bínú lọ.

Ará Kòríà ni ọmọbìnrin tí ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, òun àti bàbá àti ìyá rẹ̀, kí wọ́n tó kó wá sí Dallas níbí. Ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ ò dúdú. Àwọ̀ oyin ni, bí oòrùn bá sì tàn sí i, wàá rí àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ mú un wálé, mo tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi tì mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bi mí. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí."

Mo ń dín dòdò lọ́wọ́. Mo ní ibo ló ti rí i. Ó ní òun ò mọ̀. Àwọn kan nílùú ìyá rẹ̀ létí òkun ní ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó kan ló fọ́ sí èbúté wọn láyé àtijọ́. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, àwọn tó ń gun ẹṣin wá láti ilẹ̀ pápá lápá àríwá ló kó o wá. Dókítà ojú kan tiẹ̀ sọ fún un pé kò pọn dandan kí àlejò kankan wá, pé ara èèyàn lè ṣe é fúnra rẹ̀, kí dúdú inú ẹyinjú kàn kéré, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní kékeré, tíṣà rẹ̀ dúró níwájú gbogbo kíláàsì, ó bi í bóyá sójà Amẹ́ríkà ló bí bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀ yẹn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Inú bí mi sí tíṣà tí mi ò rí rí.

Nílé tiwa, a kì í fẹ́yàwó láìṣe ìwádìí. Àgbà ìdílé gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wèrè wà nílé náà, bóyá àrùn burúkú wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọkọ mi ti kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lewisville ni àgbà wa níbí. Ta ló fẹ́ rán lọ sí Kòríà? Ó lọ bi ará Kòríà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Onítọ̀hún fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ará Kòríà wo ló ní irú ojú yẹn, àfi tí sójà bá gba ibẹ̀ kọjá. Ó tán! Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rọ̀ àwàdà, ó sọ ọ́ di èsì ìwádìí.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ lọ pàdé àwọn òbí ọmọ náà nílé oúnjẹ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ wọ ọkọ̀ mi; ọmọ mi ọkùnrin ti ṣáájú wa lọ. A ò tíì dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Kí oúnjẹ tó dé ni màá bi wọ́n. Mo gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni ojú yẹn kí n tó sọ pé a gbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, iwájú ọmọ lẹ ti fẹ́ bèèrè bóyá ìyá ńlá rẹ̀ ṣe ìṣekúṣe?"

"Ìfẹ́ ọmọ ti fọ́ ẹ lójú."

"Kò fọ́ mi lójú rárá. Àbúrò màmá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ojú ológbò ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Òyìnbó wo ló bí wọn?"

Ó kọjú sí fèrèsé. Ó ní, "Ìyẹn yàtọ̀."

"Kò yàtọ̀! Tẹ́ ẹ bá bèèrè, màá dìde kúrò nídìí tábìlì, a ó sì ṣe ìgbéyàwó náà láìsí yín."

Mi ò sọ irú ẹ̀ sí i rí láyé mi.

Nígbà tá a wọlé, bàbá àti ìyá ọmọ náà dìde, wọ́n tẹrí ba fún wa. Inú ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ dùn sí ìyẹn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa. Ó gbójú sókè. Ẹyinjú rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin.

Lẹ́ǹsì ni, awò tín-ín-rín tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Mo rọra bi í pé kí lèyí. Ó ní, "Mọ́mì, màmá mi ló ní kí n lò ó. Wọ́n ní ojú mi lè ba nǹkan jẹ́ lónìí."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní lédè Yorùbá, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti lè máa wà ní dúdú, mi ò ní bèèrè nǹkan kan."

Háà! Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ilé rèé, ó dé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n ṣáà panu mọ́. Ṣùgbọ́n títí dìgbà wo? Ṣé bó bá bímọ, a ó máa lẹ lẹ́ǹsì mọ́ ìkókó lójú ni? Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo sọ ọ́ sókè lédè òyìnbó kí gbogbo tábìlì lè gbọ́: "Ọmọ mi, lọ yọ ọ́. Ẹni tí ojú rẹ bá ń bí nínú, kó má jẹun."

Ó wo ìyá rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ó sì padà wá pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ẹkún ti sọ ọ́ di pípọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń la ẹnu.

Bí ìyá ọmọ náà ṣe dìde nìyẹn. Ó gbé báàgì rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ dì í mú, kò dúró. Oúnjẹ dé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo ní ó ti tán, mo ti ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́, obìnrin yìí ti bínú lọ ilé.

Ó padà wá. Ó jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ó gbé orí sókè, ó wò ó tààrà. Àwọ̀ oyin ni ẹyinjú tirẹ̀ náà; lẹ́ǹsì dúdú ló ti fi bò ó, ìyẹn ló lọ yọ. Ó sọ̀rọ̀ lédè wọn, ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ tẹkúntẹkún: "Màmá mi ní tàwọn rèé. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ìyá ìyá wọn. Wọ́n ní ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ bèèrè, ẹ bi àwọn, ẹ má bi ọmọ àwọn."

Ẹ̀gbọ́n mi fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láìbèèrè nǹkan kan.