Ẹdun tí mi ò rí rí

Ìbéèrè kan ká mi mọ́ lónìí.

Ìpàdé la ṣe ní Pobè, lórí ètò tí àwa àti Sakété fẹ́ fi dáàbò bo igbó wa. Ọ̀gá ìpàdé ní ẹran ìgbẹ́ wo ni ká kọ́kọ́ fòfin dáàbò bò.

Mo fò dìde: "Ẹdun ni! Èèwọ̀ àwa ìyá ìbejì ni."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá ìpàdé ní: "Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Níbo lẹ ti rí i gbẹ̀yìn?"

Mi ò rí i rí.

Mo wojú bàbá ọdẹ kan láti Yoko. Ó ní: "Má wò mí, ọmọ mi. Èmi náà ò rí i mọ́."

Mo délé, àwọn ìbejì mi sáré pàdé mi. Mo lanu láti pè wọ́n ní ẹdun bí ìṣe mi, orúkọ wọn ni mo pè.

Ta ló ti fojú ara rẹ̀ rí ẹdun nínú yín? Ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ o. Ibi tó wà ni kí ẹ sọ, kí n mú àwọn ọmọ mi lọ kí i.