Ẹ̀bẹ̀ tí Rudai kọ sí ìparí ìwé

Ẹni tó bá rò pé ààyè kò gba ìdáwà láàfin, kó lọ bi Rudai. Ọdún mẹ́fà ló ti wà láàfin ọba ní Kamata, tó ń fi ìtàn ọmọ ọba kan tí wọ́n lé sígbó kéwì ní èdè Asam, èdè tí àwọn atukọ̀ fi ń bú ara wọn. Ọba ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ayaba lè gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé Sáńsíkírítì, èdè ìwé àtijọ́, kò sì fẹ́ jókòó tì í. Abẹ́ igi máńgòrò ni òun nìkan ti ń fi gègé kọ̀wé sára èèpo igi tí wọ́n ti fá dán. Àárò ilé ń sọ ọ́ gan-an.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Tengai atukọ̀ dé láti abúlé Rudai.

"Bàbá akéwì, ìyàwó yín ní kí n kí yín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó Padumi ọmọ yín. Wọ́n ní tí ẹ bá ti gbàgbé ọ̀nà ilé, èmi mọ̀ ọ́n."

"Ta ló gbàgbé? Ìwọ Tengai, ẹnu ẹ yìí! Dúró dè mí lébùúté."

"Mi ò ní dúró kọjá ọ̀sán ọ̀la o. Odò tó ń kún ò mọ akéwì."

Láàfin yẹn, ẹnikẹ́ni kì í fẹnu ara rẹ̀ tọrọ àyè láti lọ lọ́wọ́ ọba. Ṣùgbọ́n akéwì máa ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ ní ìparí ìwé. Ibẹ̀ ló ti máa ń yin ọba, tó máa ń dárúkọ ara rẹ̀, tó sì máa ń tọrọ àforíjì pé òun kò gbọ́n. Ibẹ̀ ni Rudai kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sí lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ìwé rẹ̀ parí: pé ó ti rẹ òun, pé òun kò mọ bí ojú ọmọ òun ṣe rí mọ́, kí ọba jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun máa lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ka ìwé náà níwájú gbogbo ààfin. Nígbà tó dé orí ẹ̀bẹ̀ yìí, ó gbójú sókè wo ọba. Àwọn ayaba ń nu ojú. Ọba pàtẹ́wọ́.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Gbogbo akéwì ló máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níparí ìwé, àmọ́ kò sí èyí tó dùn tó báyìí. Rudai, ìwé mìíràn yá lọ́la!"

"Kábíyèsí, ohun tí mo kà yẹn, òótọ́ ni..."

"Ẹ wò ó, ó tún ń bẹ̀bẹ̀!" ni ọ̀mọ̀wé kan wí. Ẹ̀rín sọ.

"Má tíì jókòó," ni ọba wí. "Ibi tó o ti ní o fẹ́ lọ sílé yẹn, tún un kà fún wa."

Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanrí. Rudai tún un kà. Wọ́n ní kó kà á lẹ́ẹ̀kẹta.